Ìdajì Ògiri

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Jàmíù fi ń kun ilé olówó ní Lakowe, yàrá tirẹ̀ tí wọn yóò gbé ọmọ wọ̀ ò sì rí ọ̀dà. Lọ́jọ́ Àìkú tó ráyè, ibi tó ti ń po ọ̀dà ló ti sùn lọ fọnfọn.

Bàṣírát ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹsàn-án, kò jí i. Ó jókòó sórí àpótí, ó kun ògiri dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó.

Ojú ti Jàmíù nígbà tó jí. “Ó mà ku òkè.”

“Ẹ fi sílẹ̀. Ọmọ yìí ò lè ga ju báyìí lọ lọ́dún yìí.”

Ẹ̀rín pa Jàmíù, àmọ́ kò lágbára àtidìde. Ó wọ́ sún mọ́ ọn, ó ń bá a tẹ ẹ̀yìn tó ń ro ó.