Ẹnu Tí Wọn Ò Jẹ́ Kó Kan Ẹja

Ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, ló ń ta ẹja díndín ní oríta Rio, kò sì sí ẹni tó jẹ ẹ́ tí kì í padà wá. Àmọ́ Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọmọ wọn, kò mọ bí ẹja ṣe ń rí lẹ́nu. Ògì láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì lálẹ́. Màámi ní ọmọdé tó bá tètè mọ adùn ẹja, olè ni yóò dà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílé wọn ní ìlú Pobè, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe tọ́ Gbọ́lágadé, ọkọ mi.

Ọmọ ti lé ní ọdún kan àbọ̀, kò tíì lè dá dúró. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá dá lónìí, á tún bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Aránṣọ ni mí ní àdúgbò Kalikak, ojú mi gan-an ni tépù. Aṣọ tí mo rán fún un nígbà tó pé ọdún kan ṣì tóbi fún un. Ọkàn mi ò balẹ̀.

"Eyín ló ń hù," Màámi wí.

"Eyín wo ló tún kù, Màámi? Ṣé ti erin ni?"

"Ìyàwó, ẹnu rẹ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ lọ."

Mo pọn ọmọ, ó di ilé ìwòsàn. Sandrine, nọ́ọ̀sì ibẹ̀, wọ̀n ọ́n, ó mi orí. Ó ní ohun kan wà nínú oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní síńkì. Òun wà lára ohun tí ọmọ fi ń ga, tí ara fi ń bá ìgbẹ́ gbuuru jà. Bí ìgbẹ́ ṣe ń ya ọmọ ló ń gbé síńkì díẹ̀ tó ní lọ, ìgbẹ́ á sì tún rọ́nà padà wá. Ó fún mi ní ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi tó mọ́, àti oògùn síńkì tí a ń yọ́ sínú ṣíbí. Ó ní bí ìgbẹ́ bá dá, kí n má dá oògùn dúró, kó tán pátá.

"Kí ló ń jẹ?" ó bi mí.

"Ògì."

"Pẹ̀lú kí ni?"

"Pẹ̀lú ṣíbí."

Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ fún un ní ẹja, ẹ fún un ní ẹyin, ẹ fún un ní ẹran. Oògùn á tán. Oúnjẹ ni kò gbọdọ̀ tán."

Mo délé, mo kúnlẹ̀ fún Màámi, àmọ́ ẹnu mi ò kúnlẹ̀. Oògùn, wọ́n gbà. Ẹja, wọ́n kọ̀.

"Olè lo fẹ́ tọ́ sílé mi?"

"Màámi, Bàbá Ọmọ́lẹ́wà ńkọ́? Ẹ fún un lẹ́ja ní kékeré?"

"N ò fún un rí! Ìyẹn ni kò ṣe jalè."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ lé mi, ká rọra rìn."

Mo mú wọn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ọkọ mi dúró sí. Tó bá ti gbé takisí rẹ̀ dé lọ́sàn-án, abọ́ ẹja Màámi ló máa ń kọ́kọ́ kí, kó tó kí èèyàn. Ẹja ti kún ẹnu rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ gọngọ.

"Gbọ́lágadé! Ìwọ lo ń jí ẹja mi? Tí mo ń lé ológbò Mádàámù Carole, aládùúgbò wa, kiri!"

Ó gbé e mì. "Màámi, ẹ ò fún mi jẹ nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo ń gba ẹ̀tọ́ mi ni."

Màámi fẹ́ bínú, ẹ̀rín kò jẹ́. Wọ́n rín títí gèlè fi bọ́. Wọ́n mú ẹja kan, wọ́n yọ egungun rẹ̀ dáadáa, wọ́n rún un sínú ògì, wọ́n gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. "Jẹ ẹ́, ọkọ mi. O ò ní jalè. Bàbá rẹ ti jí tìẹ mọ́ tiẹ̀."

Oògùn tán. Ìgbẹ́ ò tètè padà wá mọ́, bó bá sì wá, kì í pẹ́ lọ. Ọmọ ò ga lójú ẹsẹ̀ o, n ò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tí òjò yóò fi padà dé, mo ti tú abíyá aṣọ rẹ̀ kí n tó lè wọ̀ ọ́ fún un.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Rio, Màámi gbé abọ́ ẹja tó ti tutù sórí àpótí. Ọmọ́lẹ́wà di àpótí mú, ó dìde, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dá dúró. Ó na ọwọ́, ó mú ẹja.

"Olè!" Màámi figbe ta, gbogbo oríta yíjú. "Ẹ gbà mí, olè! Ẹ wá wo olè mi, ó ti dá dúró!"

Wọn ò gba ẹja náà lọ́wọ́ rẹ̀. Egungun inú rẹ̀ nìkan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ fún un.