Omi Tó Tàn Yòò

Ọ̀gá Kì-í-Ṣìṣe ni wọ́n ń pe obìnrin náà nílé ìdánwò. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì pèsè iná mànàmáná. Awọ kan wà láàárín ẹ̀rọ ọ̀hún, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, kẹ́míkà burúkú kan lè yọjú nínú rẹ̀, kó máa jẹ awọ náà bí ikán ṣe ń jẹ igi. Nítorí náà, Ọ̀gá a máa gbọ́n omi tó ń kán jáde lára ẹ̀rọ, a sì kán oògùn ìdánwò sí i. Bí kẹ́míkà yẹn bá wà níbẹ̀, omi á tàn yòò. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa ṣẹ̀fẹ̀ pé ìtọ̀ ẹ̀rọ ló ń yẹ̀ wò bíi nọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Ajé kan, omi tàn. Ọ̀gá pòṣé. Awọ tuntun tí òun fúnra rẹ̀ yàn! Ó pe ìyá àgbà tó ń fọ ìgò.

"Màmá, ẹ tún fi ọṣẹ sílẹ̀ nínú ìgò mi, òun ló jẹ́ kí omi tàn, àbí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣàn án, ọmọ mi."

"Ẹ ò ríran mọ́. Ẹ máa lọ sinmi nílé."

Gbogbo wọn ló gbọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó jáde. Ọ̀gá da omi náà nù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé kò sí nǹkan kan.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ̀rọ dákú. Nígbà tí wọ́n tú u, awọ ti lu bí ajere.

Olùdarí ṣí ìwé. "Ṣé omi ò fi nǹkan kan hàn ni?"

Bí Ọ̀gá bá dákẹ́, ta ni yóò mọ̀? Àmọ́ ó ń rí àga òfìfo ìyá lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ó fi hàn," ló wí. "Èmi ni mo parọ́. Ìgò Màmá mọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ìyá. Kò lè gbójú sókè.

"Ẹ dákun, Màmá. Mo purọ́ mọ́ yín."

Ìyá ní: "Èébú kọ́ ló dùn mí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn lójú fèrèsé, tí mò ń bi ara mi bóyá lóòótọ́ ni mi ò ríran mọ́. Dìde."

Ìyá padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gba ìwé ìdánwò lọ́wọ́ Ọ̀gá fún oṣù mẹ́ta, kò sì jiyàn. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé ìyá, tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, a máa gbé ìgò kọ̀ọ̀kan wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e fún un.