Ẹlẹ́yà Ìdí Ẹ̀rọ Omi

Lohia tún ti yàgbẹ́ sí aṣọ tí Geua ṣẹ̀ṣẹ̀ wé mọ́ ọn nídìí. Omi lásán ni. Ojú ọmọ náà ti jìn sínú, kò sì sunkún mọ́, èyí ló ń já ìyá rẹ̀ láyà jù. Ọmọ tó ti lé lọ́dún kan kò tíì lè dìde dúró, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré lé adìẹ kiri ibùdó.

Nọ́ọ̀sì fún un lóògùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Síńkì ni wọ́n ń pè é, oníhóró ni. Ó ní èròjà yẹn ló ṣaláìtó lára ọmọ tó jẹ́ ìrẹsì funfun àti tíì nìkan ló ń jẹ, àìtó rẹ̀ ni kò jẹ́ kó dàgbà, òun náà ló fà á tí ìgbẹ́ gbuuru kò fi fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Fún omi ọmú rẹ sínú ṣíbí, kó o fi yọ́ hóró kan," nọ́ọ̀sì wí. "Má sì já a lẹ́nu ọmú o."

Geua mi orí pé òun ti gbọ́. Kò lẹ́nu láti sọ pé wọ́n ti já a.

Konio, ìyá ọkọ rẹ̀, ló já a. Ní ìlú Mósíbì níbí, ta ni kò mọ̀ pé bí ọkọ bá sún mọ́ abiyamọ kí ọmọ tó rìn, wàrà ti bàjẹ́ nìyẹn? Hitolo, ọkọ Geua, dé láti ibi ìwakùsà, ìgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, Konio sì dá ẹjọ́. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi ń fi Geua ṣe ẹlẹ́yà pé ara rẹ̀ ń gbóná sí ọkọ, kò lè dúró kí ọmọ rẹ̀ rìn. Ó ń gbà á mọ́ra. Kí á má parọ́, ó tilẹ̀ dùn mọ́ ọn díẹ̀. Ẹlẹ́yà yẹn sàn ju òótọ́ lọ.

Ó fi omi lásán yọ́ hóró kan, Lohia bì í. Ó yọ́ òmíràn, ó tún bì í. Geua wá rí i kedere pé ọmọ òun ń kú lọ, ìtìjú òun ló sì ń pa á. Ó tú bọ́tìnnì àyà rẹ̀.

Konio wọlé, èso búáì tó ń jẹ ti sọ ẹnu rẹ̀ di pupa.

"Ṣé o fẹ́ parí iṣẹ́ tó o bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Nọ́ọ̀sì ní kí n fi omi ọmú yọ́ oògùn ni, Ìyá."

"Ṣé nọ́ọ̀sì mọ ohun tẹ́ ẹ ṣe lórí ẹní? Bo àyà ẹ."

Lẹ́yìn ògiri páànù, àwọn tó ń pọn omi ti dákẹ́. Geua mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́.

"A ò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Látìgbà tí mo ti bímọ, Hitolo ò fọwọ́ kàn mí. Ilé obìnrin kan lókè ọ̀hún ló ń sùn. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kó máa yọ́ wọlé láàárọ̀, kẹ́ ẹ lè rò pé ọ̀dọ̀ mi ló sùn."

"Irọ́ lò ń pa," Konio wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò dúró.

"Ẹ bi í tó bá dé. Ọmọ yìí ò lè dúró dè é."

Níta, ẹnì kan wúkọ́. Geua ń fún ọmú, kò sí nǹkan tó jáde. Ó ti fẹ́ gbẹ. Ó ń bẹ ọmú náà bí ẹni ń bẹ ènìyàn, omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, títí ìwọ̀nba díẹ̀ fi kán sínú ṣíbí. Hóró náà yọ́ sínú rẹ̀.

Lohia yí ojú kúrò. Konio bá kúnlẹ̀, ó gbé orí ọmọ náà lé itan.

"Rọra. Gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu."

Ọmọ náà gbé e mì. Àwọn méjèèjì ń wo ọ̀fun rẹ̀, wọ́n ń retí kó bì í. Nígbà tó ṣe díẹ̀ tí kò bì í, ìyá àgbà náà wo ilẹ̀, kò wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Gbé ọmú sí i lẹ́nu," ó ní.