Wàláhì lórí Ẹ̀wà Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Azeemah fi wàláhì purọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí káàdì, ó sì gba fóònù ìyá wọn tó ti kú lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kejì fídáù ogójì ọjọ́ ni. Àwọn àlejò ti padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun àti Waris nìkan ló kù ní pálọ̀ ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ń ta póka, ayò káàdì. Ẹ̀wà ni wọ́n fi ń ta á dípò owó, nítorí ìyá wọn kò fẹ́ràn tẹ́tẹ́. Ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ bá kọ́kọ́ pé ọgọ́ta ni yóò mú fóònù lọ.

Waris ti fi ohùn ìyá wọn inú fóònù náà ṣe aago tí ń jí i kírun àsùbá. Azeemah ń wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níbẹ̀. Nígbà tí àárẹ̀ ìyá wọn bẹ̀rẹ̀, Azeemah ní òun ń bọ̀ wá wò ó. Ìyá wọn gba ohùn sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́: kí ó má wulẹ̀ wá, ara òun ti yá. Azeemah kò lọ. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá kú. Olè ti jí fóònù Azeemah láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń rí oorun sùn. Ara ìyá òun ti yá. Ikú òjijì ni.

Ẹ̀wà ọgbọ̀n wà láàárín wọn, ọgbọ̀n wà níwájú Azeemah. Káàdì ọwọ́ rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan.

"Ta, tíṣà ìṣirò," Waris ní. "Àbí kí n bá ọ wá ṣọ́ọ̀kì?"

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ n ronú."

Àwọn àgbà ní irọ́ kì í lérè. Azeemah mọ̀ pé ó máa ń lérè nígbà mìíràn. Èèyàn kàn ní láti ṣírò rẹ̀ ni. Bí ó bá fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún halẹ̀ bí ẹni tó ní káàdì gidi, tí Waris sì sá, tó jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ ọgbọ̀n tó wà láàárín. Bí kò bá sá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Bí Waris bá ń sá lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sí èrè, kò sí òfò. Bí ó bá ń sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè ni. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án yẹn ó ti halẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Waris sá. Irọ́ yìí kò lérè.

Ó mí díẹ̀, ó ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún síwájú.

Waris rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní nǹkan kan lọ́wọ́."

"Mo ní in. Wàláhì."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Nínú ilé yẹn, ẹni tó bá ti ní wàláhì, ẹnikẹ́ni kì í bi í léèrè mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá wọn ṣe tọ́ wọn. Waris ṣí káàdì tirẹ̀ sílẹ̀: ọba mẹ́ta, ọwọ́ tó lágbára. Kò ní kí Azeemah ṣí tirẹ̀.

"Máa mú un lọ," ó ní. "Ìwọ kò fi Ọlọ́run ṣeré rí."

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí ń lọ sí Ìjagun, Azeemah kò lè dúró kí ó délé. Ó gbé fóònù sétí.

"Azeemah." Ìyá rẹ̀ mí díẹ̀. "Wàláhì, ara mi ti yá. Má wulẹ̀ wá."

Ó tún un gbọ́. Kò fetí sí èémí yẹn rí. Ó kúrú, bíi ti ẹni tí ń ṣírò nǹkan, bí òun náà ṣe mí kí ó tó ti ẹ̀wà síwájú.

Ohùn náà ti di tirẹ̀. Kò lè gbà á gbọ́ mọ́.