Kì Í Sú Ẹ̀rọ

"Ẹ tún ti gbá mi lẹ́sẹ̀," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Ìjà ni, ìyá mi. Ìjà ò mọ ọmọ."

Bàbá rẹ̀, bíríkìlà, ò gbójú kúrò lára géèmù inú tẹlifíṣàn. Oníjà rẹ̀ tún lóṣòó, ó na ẹsẹ̀. Oníjà ọmọ náà fò sókè, ẹ̀ṣẹ́ sì pàdé rẹ̀ lófuurufú. Ó balẹ̀ gbì.

Ọgbọ́n yìí ni bíríkìlà fi borí ẹ̀rọ géèmù náà nígbà tó ń dá a gbá. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, tí ilé ẹjọ́ sì ní kí ọmọ máa wá kí bàbá rẹ̀ ní Sátidé, wọn kì í rí ọ̀rọ̀ bára wọn sọ. Ọmọ á jókòó sétí àga bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ fẹ́ràn géèmù ìjà, ó ra ọ̀kan. Bó bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tó fọ sìmẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́, ó di òun àti ẹ̀rọ. Ó kọ́ ọ bí ó ṣe kọ́ búlọ́ọ̀kù títò: bí o ṣe gbé ti àkọ́kọ́ ni kí o gbé ìyókù. Lóṣòó, gbá a lẹ́sẹ̀, á fò, lù ú. Kò sígbà tí ẹ̀rọ kì í fò. Ó nà án títí dé ìpele tó le jù, ó dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó ní ọmọ òun á wá máa yára wá báyìí.

"Ẹ jẹ́ ká tún un gbá," ọmọ náà wí, ó sì di páàdì tó fi ń darí oníjà rẹ̀ mú.

Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tí bàbá lóṣòó, ọmọ ò fò. Ó sún sẹ́yìn, ó dúró. Ẹsẹ̀ gbá afẹ́fẹ́. Kí bàbá tó dìde, ìpá ti bà á láyà. Ó tún lóṣòó. Ọmọ tún dúró.

"Fò," ló já bọ́ lẹ́nu bàbá.

"Kí ni kí n máa fò fún?"

Ó na bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta léra. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé páàdì sílẹ̀.

"Ó tán? Ṣebí ìwọ lò ń borí."

"Nǹkan kan náà lẹ ṣáà ń ṣe, Dádì. Tí èmi àti Ọ́ńkù bá ń gbá a nílé, wọ́n á sá fún mi, wọ́n á ní àwọn ti kú, kí n wá pósí fún àwọn. Èmi náà á bú wọn. Ẹ̀yin ò tiẹ̀ wo ohun tí mò ń ṣe."

Ọ́ńkù ni ọkùnrin tó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Bíríkìlà nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò.

"Ó mọ̀ ọ́n gbá?"

"Rárá o. Àlùbami ni ẹ̀rọ máa ń lù wọ́n." Ìgbà yìí ló tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ wá mú un, ọmọ ti wọnú ọkọ̀ kí ó tó kí bàbá ẹ̀ pé ó dàbọ̀.

"Bí kò bá wù ú láti wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, má fipá mú un," bíríkìlà sọ lẹ́nu ọ̀nà.

Obìnrin náà wò ó díẹ̀. "Ó ti ní òun ò wá tòní. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́, mo ní ẹ ra géèmù sílẹ̀ dè é."

"O ṣeun."

"Ẹ má dúpẹ́. Mi ò ní bẹ̀ ẹ́ mọ́."

Bíríkìlà padà wọlé, ó tan géèmù. Ẹ̀rọ bi í bóyá ẹnì kan ló fẹ́ gbá a àbí ẹni méjì. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ lórí páàdì. Ó mú ẹni méjì.

Oníjà kejì yọ sí ọ̀kánkán rẹ̀, ó gbẹ́ṣẹ̀ẹ́ sókè, ó ń mí. Kò sẹ́ni tó ń darí rẹ̀. Bíríkìlà ò lóṣòó, kò na ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó ń wò ó títí àkókò fi tán.

Ẹ̀rọ ní ọ̀mì ni.