Ìlà Búlúù, Ìlà Funfun

Ní gbogbo ilé-ìwé wa, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, èmi ni mo mọ kọ̀ǹpútà jù. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kó délẹ̀: ẹni tí yóò kọ́ mi kò tíì sí. Èmi làwọn olùkọ́ máa ń sáré wá bá bí iṣẹ́ wọn bá sá lọ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀gá Àgbà wa fúnra rẹ̀, obìnrin tí kò sẹ́ni tí kì í bẹ̀rù rẹ̀, ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń yẹ omi gbígbóná wò. Èmi ńkọ́? Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ojú mi á sì wà níta.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi kò fi já nígbà tí wàhálà Bàámi dé.

Bàámi ló ń ṣọ́ géètì ilé-ìwé náà. Bí aago ìparí bá lù, á di ìwé orúkọ mú, á pe ọmọ kan, á wo ẹni tó yẹ kó wá mú un lọ, á sì fa ọmọ lé onítọ̀hún lọ́wọ́. Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Orúkọ ọmọ wà lápá òsì, kíláàsì tẹ̀lé e, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, ẹni tó máa mú un lọ ló wá kù sí apá ọ̀tún lọ́hùn-ún. Kí ojú arúgbó tó rin ìrìn-àjò yẹn já, ó ti ṣubú sí ìlà ìsàlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa ọmọ kan lé bàbá ọlọ́mọ mìíràn lọ́wọ́. Wọ́n ti dé ìkòríta kí ọkùnrin náà tó bojú wolẹ̀.

"Bó bá tún ṣẹlẹ̀," Ọ̀gá Àgbà wí, "Bàbá á lọ máa sinmi nílé."

Sinmi kẹ̀! Láti ọjọ́ tí Màámi ti kú, géètì yẹn nìkan ló ń mú Bàámi fá irùngbọ̀n láàárọ̀.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàámi," mo ní. "Mo máa kun ìlà kan ní búlúù, mo máa fi ìkejì sílẹ̀ ní funfun, títí dé ìsàlẹ̀. Ojú yín á kàn máa tẹ̀lé àwọ̀ lọ ni."

"Ṣé kò ní le fún ẹ, ìyá mi?"

"Fún èmi!"

Mo fọwọ́ kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: tẹ̀, kùn, fò, tẹ̀, kùn, fò. Bàámi na ìwé náà jìnnà sójú, ó rẹ́rìn-ín. "Ó dà bíi pijáámà." Lọ́jọ́ náà, kò ṣi ẹyọ ọmọ kan pè.

Ibi tí mi ò fojú sí ni ariwo ti bẹ́. Ìyá kan yọjú wo ìwé lọ́wọ́ Bàámi.

"Bàbá, kí ló dé tí ọmọ tèmi fi wà ní funfun? Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan, ìyá wa."

"Kò ṣe nǹkan kan, ọmọ aládùúgbò mi wá wà ní búlúù!"

Mo ṣàlàyé títí ohùn mi fi há. Àwọn ọmọ náà ti gbọ́, gbogbo funfun ń sunkún pé àwọn fẹ́ ṣe búlúù. Bàámi bá sọ fún wọn pé àwọ̀ ìkùukùu ni tiwọn. Ẹkún dá wáí. Ni gbogbo búlúù bá bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́bọ̀, ọmọ tuntun kan dé. Àlejò ni kíláàsì rẹ̀ ń pè é. Mo fi ìlà tirẹ̀ há àárín, lábẹ́ ọmọbìnrin kan tí à ń pè ní Ẹlẹ́jọ́ nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Mi ò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Kí ni mo fẹ́ wò?

Ọjọ́ kejì, Ọ̀gá Àgbà dúró sẹ́yìn Bàámi, ó ká apá mọ́ àyà.

"Àlejò!" Bàámi pè. "Ìyá àgbà ló wá mú ẹ."

Ìyá àgbà kan bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ wo ọmọ náà. "Bàbá, èyí kọ́ o."

"Ẹ wò ó dáadáa, ìyá."

"Mo ní èyí kọ́. Tèmi kì í dákẹ́."

"Ìyá àgbà, èmi nìyí," Ẹlẹ́jọ́ ké láti ẹ̀yìn, "ẹni yẹn kọ́, irun wa ò jọra, bàtà wa ò jọra, àǹtí náà mọ̀!"

Ọ̀gá Àgbà mí kanlẹ̀. Bàámi rọra ká ìwé náà.

"Ojú mi ni, Ọ̀gá. Ọmọ mi ti sa gbogbo ipá rẹ̀."

Mo já ìwé náà gbà. Búlúù méjì ló sùn ti ara wọn níbẹ̀, bí ẹyọ kan ṣoṣo! Ìlà tí mo fi há àárín ti mú àwọ̀ èyí tó wà lókè rẹ̀.

"Kì í ṣe ojú rẹ̀, mà. Ọwọ́ mi ni. Bàámi, ẹ má bá mi ru ẹ̀bi mi."

Ọ̀gá Àgbà fi olùkọ́ kan sẹ́nu géètì, ó kọjú sí ọ́fíìsì. A tẹ̀ lé e, mo di Àlejò lọ́wọ́ mú, ìyá àgbà àti Ẹlẹ́jọ́ náà wọlé láìpè. Ó jókòó sórí àga mi. Ìka kan ṣoṣo yẹn ló fi nu gbogbo ohun tí mo kùn, ó tẹ ibi mẹ́ta péré, búlúù àti funfun sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ó fi ìlà kan há àárín. Gbogbo èyí tó wà nísàlẹ̀ pààrọ̀ àwọ̀ fúnra wọn.

"Má fọwọ́ kùn ún mọ́," ó ní. "Jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ka ìlà fúnra rẹ̀."

"Ta ló kọ́ yín, mà?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Bàbá mi ló ń ṣi oògùn rẹ̀ lò, ni mo ṣe kun ìlà ìwé oògùn rẹ̀ báyìí." Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Ìwé oògùn náà ṣì wà lórí ẹ̀rọ mi. Mi ò lè pa á rẹ́."

Ó tẹ ìwé tuntun jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Bàámi. "Lọ́jọ́ Ajé, Bàbá, ẹ tètè dé."

Bàámi ṣí fìlà. Omi bọ́ lójú mi. Ìyá àgbà náà ń sunkún, bẹ́ẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rárá. Ẹlẹ́jọ́ pàápàá dákẹ́.

Àlejò fa aṣọ mi. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, à ń retí ọ̀rọ̀ dídùn.

"Mo ti tọ̀ sára," ó ní.