Agogo Ìyáàfin Ìbíyẹmí

Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí Ìbíyẹmí ti ń kọ́ àwọn ọmọ Ìmàṣàyí ní ìtàn ayé, kí ọ̀gá ilé ìwé tó gba kíláàsì àṣekágbá lọ́wọ́ rẹ̀ fún Roheemat, ọmọ ìlú Tube tí kò tí ì lo tààmù kan nílé ìwé náà. Lọ́jọ́ ọjà gan-an, kíláàsì Roheemat kì í ṣófo. Owú ni; ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Kì í jẹ́ kí oúnjẹ ó dùn lẹ́nu Ìbíyẹmí.

Lọ́jọ́ kan ó dúró lẹ́bàá fèrèsé. Roheemat ti fi bẹ́ǹṣì ṣe orílẹ̀-èdè: Póláńdì nìyí, Họ́ńgárì nìyẹn. Ó ní nígbà tí Rọ́ṣíà ṣẹ́gun Jámánì tán, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kò padà sílé, ìlú àwọn aládùúgbò ni wọ́n jókòó sí.

"Rọ́ṣíà kò gba ìjọba wọn lẹ́ẹ̀kan náà," ló wí. "Ó mú ọlọ́pàá, ó mú rédíò, lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n wá dìbò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ẹ̀kọ́ náà yé Ìbíyẹmí ju àwọn tó jókòó lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun á máa bá wọn lu agogo, torí Bàbá Àúdù tó ń lù ú ti dàgbà. Láti ìgbà náà, agogo á ti dún kí Roheemat tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn ló gba ìkéde àárọ̀. Nígbà tó bá àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan tán, ó ní kí wọ́n dìbò lórí ẹni tí kíláàsì àṣekágbá tọ́ sí. Gbogbo wọn nawọ́ fún un. Wọ́n gbé Roheemat lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kékeré.

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Kò tilẹ̀ bínú, ìyẹn sì tún dun Ìbíyẹmí.

Ìdánwò dé. Ìbíyẹmí béèrè bí aṣẹ́gun ṣe ń gba àkóso àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká lẹ́yìn ogun. Nígbà tí àwọn ọmọ kọ ọ́ tán, ó mú bírò pupa. Ìwé àkọ́kọ́ ní: "Yóò kọ́kọ́ gba agogo." Ó fa igi lé e. Ìkejì náà kọ agogo, ó fi ìkéde àárọ̀ kún un. Títí dórí ìkẹtàlélógójì, kò sẹ́ni tó kọ ọlọ́pàá.

Ẹ̀rín sọ ní kíláàsì àwọn ọmọ kékeré, níbi tí Roheemat wà. Ìbíyẹmí dìde, ó lọ lu agogo, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ku ogún ìṣẹ́jú kí àkókò agogo tó tó. Wọn kò dáwọ́ ẹ̀rín dúró.